Ìparí Ìtàn Atukọ̀ Monilọ́lá

Ọ̀rọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ẹgbẹ́ òǹkàwé ìlú Òṣùpátẹ̀dó kò ju bíńtín lọ: ṣé Atukọ̀ Monilọ́lá padà délé, àbí kò délé? Ó yẹ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò ní àríyànjiyàn nínú, nítorí gbogbo wọn ló ti ka ìwé náà tán. Ṣùgbọ́n bí Ìyá Bùsúyì ṣe ń sọ pé Monilọ́lá délé, ó sì bí ìbejì, bẹ́ẹ̀ ni Tíṣà Ṣówándé ń fọwọ́ lu tábìlì pé kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀, inú ọkọ̀ ni obìnrin náà kú sí, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ìràwọ̀ kan. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn ní irọ́ ni àwọn méjèèjì ń pa, oyè ni wọ́n fi Monilọ́lá jẹ.

Àyọ̀ká, ìyá ẹgbẹ́, kọ́kọ́ rò pé ńṣe ni wọn kò ka ìwé. Ó mọ̀ wọ́n. Àwọn kan wà láàárín wọn tó jẹ́ pé torí ìpápánu ni wọ́n ṣe ń wá sípàdé. Ó ní kí kálukú ṣí ojú ìwé tó gbẹ̀yìn, kó kà á síta. Tíṣà ka ikú. Ìyá Bùsúyì ka ìbejì. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn.

"Ẹ gbé tiyín wá," Àyọ̀ká sọ fún Ìyá Bùsúyì.

Ó gbà á. Bí àtàǹpàkò rẹ̀ ṣe kan ojú ìwé náà báyìí, iná rúsúrúsú kékeré kan tàn létí rẹ̀, ìbejì sì pòórá. Ohun tó kù níbẹ̀ ni ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti kà nílé: Monilọ́lá délé, ó bá àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ọkọ rẹ̀ gbé e sí dè é. Ó dá ìwé padà fún Ìyá Bùsúyì, iná tún tàn, ìbejì tún dé. Àyọ̀ká wá ibi jókòó sí. Kò gbọ́ ariwo tí wọ́n ń pa mọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Lákòókò tí à ń wí yìí, bí ẹ bá dá ẹnikẹ́ni tó fẹ́ràn ìtàn àròsọ dúró ní Òṣùpátẹ̀dó, ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀ dó sórí òṣùpá, tí ẹ bi í pé kí ló ń kà lọ́wọ́, ìwé kan náà ni yóò dárúkọ: ìtàn Atukọ̀ Monilọ́lá, apá tó kẹ́yìn. Àwọn nọ́ọ̀sì ń kà á lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọlọ́pàá ń kà á nígbà tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ ìlú. Láòyè, ọkọ Àyọ̀ká, ló kọ ọ́. Nínú ìtàn náà, Monilọ́lá ń tu ọkọ̀ ńlá kan tó kó àwọn ènìyàn tó ń sùn lọ sí ayé mìíràn. Bí ó bá padà sílé, kò sí ẹlòmíràn tó lè tu wọ́n gúnlẹ̀.

Láti apá kìíní ni Àyọ̀ká ti ń bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó jẹ́ kí obìnrin yìí wálé. Láòyè a ní rárá o, ẹni tó bá gba ẹrù ènìyàn kì í sọ ọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Nídìí oúnjẹ, lórí ibùsùn, níwájú àlejò, àríyànjiyàn náà kò tán láàárín àwọn méjèèjì. Kì í ṣe ìjà. Bí wọ́n ṣe ń fẹ́ra wọn nìyẹn.

Nígbà tí àìsàn dá Láòyè dùbúlẹ̀, ẹnu ló fi sọ apá ìkẹyìn sínú ẹ̀rọ, nítorí kò sí igi lórí òṣùpá, kò sì sí bébà; ìwé tí wọ́n ń kà pàápàá, ẹ̀rọ ni. Ó ní kí Àyọ̀ká jáde nínú yàrá.

"Tí o bá dúró, wàá bá mi jà," ló wí. "Máa lọ. Tí mo bá kú, kà á, kí o wá rí ẹni tó borí."

Ó sì kú lóòótọ́. Àyọ̀ká kà á, ó rí i pé Monilọ́lá délé, ó sunkún títí omi fi gbẹ lójú rẹ̀. Ọkùnrin olóríkunkun yẹn ti gbà fún òun níkẹyìn. Ohun tó ń mú un sùn láti ìgbà tí ó ti di opó nìyẹn. Wàyí o, kò mọ̀ mọ́ bóyá Láòyè ló gbà fún òun ni, àbí ẹ̀rọ.

Ní ọjọ́ kejì, ó gba ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe àwọn ìwé náà lọ. Ọ̀mọ̀wé Fadérera, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ṣe ẹ̀rọ náà, ló bá níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Àyọ̀ká dáadáa, ó fún un lága, ó bu omi fún un. Èyí gan-an ló tún wá ń bí Àyọ̀ká nínú, nítorí ìjà ló múra wá jà.

"Ìwé amọkàn la pè é, mà," Fadérera ṣàlàyé. "Àtàǹpàkò yín ló fi ń gbọ́ bí àyà yín ṣe ń lù. Tó bá rí i pé gbólóhùn kan fẹ́ dùn yín ju bó ṣe yẹ lọ, á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tí ọkàn yín ń fẹ́. Iná etí ìwé yẹn ni a fi ń mọ̀ pé ó ti yí nǹkan padà."

"Iná yẹn? Ọ̀ṣọ́ ni gbogbo wa pè é."

"A kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé, mà."

Àyọ̀ká yí ìwé rẹ̀ dà sẹ́yìn. Lóòótọ́ ó wà níbẹ̀, ní lẹ́tà tó jẹ́ pé èèrà nìkan ló lè kà á. Ó mí kanlẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹ ṣe irú nǹkan báyìí?"

"Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá wa la ti kọ́ ọ, mà. Bí màmá mi bá ń pàlọ́ fún wa, tí wọ́n bá rí i pé ojú àbúrò mi ti fẹ́ yí sí ẹkún, wọ́n á yí i padà. Ẹkùn ò ní pa ọmọ yẹn jẹ mọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà á ti ṣe é rí."

"Mo ti ṣe é," Àyọ̀ká dáhùn. "Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ tó jókòó síwájú mi ló gbọ́ ohun kan náà. Tí wọ́n bá jà lọ́jọ́ kejì, orí ìtàn kan ni wọ́n ń jà lé. Èmi tí mo sì yí i, mo mọ ibi tí mo gbé ẹkùn náà pamọ́ sí. Ẹ̀rọ tiyín yìí, ṣé ó mọ ibi tó gbé e sí?"

Fadérera wo ilẹ̀. "A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sunkún ni, mà."

"Ta ló rán yín níṣẹ́? Bí a ti ń sunkún là ń ríran." Àyọ̀ká na ọwọ́. "Ó dáa. Fún mi ní èyí tí ọkọ mi fẹnu ara rẹ̀ sọ, kí n máa lọ."

Ọ̀mọ̀wé náà sọ pé kò sí odindi rẹ̀ níbì kankan. Ẹ̀rọ ti tú u ká, bí ìgbà tí ènìyàn tú ìlẹ̀kẹ̀. Iwájú òǹkàwé nìkan ló ti máa ń sin ín padà.

"Ẹ pa ẹ̀rọ ọ̀hún, ká rí i."

"Tí a bá pa á, mà, kò sí ẹni tó máa lè sin ín mọ́ láéláé."

"Ẹni tí a ní kó kín wa lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́ yìí," Àyọ̀ká wí. Ó dìde, ó tún jókòó. "Tí ìtàn náà kò bá kan ẹni tó ń kà á ńkọ́? Tí kò dùn ún, tí kò sì dùn mọ́ ọn?"

"Nígbà náà, kò sí ohun tó fẹ́ yí padà. Bí bàbá ṣe sọ ọ́ gan-an ni yóò gbé e jáde. Ṣùgbọ́n irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ka ìwé ìtàn, mà."

"Mo mọ ẹnì kan," ni Àyọ̀ká wí.

Bàbá Bùsúyì ni ẹni náà. Agbowó afẹ́fẹ́ ni. Òun ló ń lọ láti ojúlé dé ojúlé gba owó atẹ́gùn tí ará ìlú ń mí sínú. Ó ti ti atẹ́gùn pa mọ́ àwọn ènìyàn lójú ìkómọ rí, ó sì dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi san án, ó ní òun kò bá wọn bímọ. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń wọ́ ọ wá sí ẹgbẹ́, yóò wá, yóò jẹ ìpápánu, yóò sì hanrun títí ìpàdé á fi parí. Bí wọ́n bá bi í léèrè nípa ìtàn, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ohun tí kò ṣẹlẹ̀, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" Inú Àyọ̀ká kì í dùn sí i tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ó bu ìpápánu méjì fún un.

Gbogbo ẹgbẹ́ pé. Fadérera náà wá, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Wọ́n gbé ìwé lé Bàbá Bùsúyì lọ́wọ́, wọ́n ní kó ka orí tó gbẹ̀yìn síta. Ó pòṣé, ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ gbẹ bí ẹni tó ń ka àkọlé ara páànù. Kò dúró níbi tó yẹ kó dúró, kò gbé ohùn sókè, kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Etí ìwé náà dúdú pátápátá.

Ìtàn náà sì jáde. Wọ́n gbọ́ bí ọmọdé kan ṣe kú lójú oorun nínú ọkọ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò kà rí. Wọ́n gbọ́ bí Monilọ́lá ṣe bú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ láìnídìí, tí ojú sì tì í. Tíṣà Ṣówándé yọ awò ojú rẹ̀. Àyọ̀ká di apá àga mú, nítorí Láòyè ni. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti gbọ́ ohùn náà kẹ́yìn, òun sì nìyí lẹ́nu agbowó afẹ́fẹ́.

Bàbá Bùsúyì dé ibi ìparí. Monilọ́lá dúró láàárín ilẹ̀kùn méjì. Ọ̀kan wọ ọkọ̀ kékeré tí yóò gbé e lọ sílé, èkejì padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń sùn.

"Ó fẹ́ rántí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀," Bàbá Bùsúyì kà, "kò sì rántí mọ́ bóyá ńṣe ni wọ́n ń tì í wọlé ni, àbí ńṣe ni wọ́n ń fà á."

Ó dúró. Kò tíì dúró láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó tún gbólóhùn náà kà, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n.

"Bàbá Bùsúyì, ẹ jọ̀ọ́," Àyọ̀ká bẹ̀ ẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò ó. Ojú ìwé kan péré ló kù."

Iná rúsúrúsú tàn létí ìwé.

"Ó ṣí ilẹ̀kùn," ọkùnrin náà ń kà lọ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, "ó bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń yan àgbàdo. Ìyá náà gbójú sókè, ó ní, 'Àlàó, o ti jẹun?'"

Kò sí ẹni tó ń jẹ́ Àlàó nínú ìtàn Monilọ́lá. Oríkì Bàbá Bùsúyì ni.

Ìyàwó rẹ̀ rọra gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyá rẹ̀ ni," ló sọ fún wọn. "Ilé ayé ni wọ́n kú sí, lẹ́yìn tí a ti gòkè wá síbí. Kò lè lọ sin wọ́n. Kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí, àní fún èmi." Bàbá Bùsúyì fi ọwọ́ bo ojú, ó ń sunkún bí ọmọdé, wọ́n sì gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwé fún ìgbà díẹ̀. Àyọ̀ká nìkan ni kò gbàgbé. Inú ń bí i sí Bàbá Bùsúyì, ojú ara rẹ̀ sì ń tì í pé inú ń bí i.

Fadérera gbé ìwé náà lọ. Nígbà tó padà wá sílé Àyọ̀ká lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ojú rẹ̀ ti wú.

"Mo ti fún gbogbo àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kà, mà. Mo fún àwọn tó kórìíra ìtàn. Ibì kan náà ni iná ti ń tàn sí gbogbo wọn lọ́wọ́, ìdí ilẹ̀kùn yẹn. Èmi náà kà á. Èmi tí mo ṣe ẹ̀rọ náà, tí mo mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, mo rò pé kò lè mú mi." Ó nu imú. "Bàbá ti kọ ọ́ dáa jù, mà. Kò sí ẹni tó máa kọjá ibẹ̀. Ẹ dárí jì mí."

Àyọ̀ká kò mọ èyí tí yóò ṣe nínú kó gbá a létí tàbí kó gbá a mọ́ra. Ó ní kó wọlé wá jẹun.

Láti ìgbà náà, lójoojúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Àyọ̀ká a mú ìwé náà, a ṣí ojú ìwé tó gbẹ̀yìn, a gbìyànjú láti mú ọkàn rẹ̀ tutù. A ro ọ̀rọ̀ ẹ̀wà tó fẹ́ rẹ sómi, a ro aṣọ tó fẹ́ fọ̀. Ó mọ̀ pé ọjọ́ tí ọkàn òun bá gbàgbé Láòyè pátá, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá kan òun mọ́, iná náà kò ní tàn, òun yóò sì rí ẹni tó borí nínú àwọn méjèèjì. Lọ́jọ́ náà, kò ní jẹ́ nǹkan kan lójú òun mọ́.

"Wò ó, Láòyè, ìyà tí o fi jẹ mí yìí pọ̀," ló máa ń sọ sí àga tó ṣófo. Lẹ́yìn náà, a fi àtàǹpàkò kan ojú ìwé.

Iná náà tàn. Monilọ́lá délé, àga rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà.

Àyọ̀ká pòṣé. "A dúpẹ́," ló wí, ó sì pa ìwé náà dé.