Ẹkún Tí Bàbá Gbé Mì

Lọ́yà kò tíì bọ́ aṣọ ilé-ìwé lọ́rùn tó fi gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró. Kò gbọ́ ìró ayùn, kò gbọ́ ìró òòlù. Ohun tó ń gbọ́ dà bíi ti ẹni tí nǹkan há lọ́nà ọ̀fun. Ó yọjú sẹ́yìn àwọn pákó tí wọ́n tò jọ. Bàbá rẹ̀, kafíńtà tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí ọkùnrin tí nǹkan kì í bà lẹ́rù, fi iwájú orí ti férémù ilẹ̀kùn kan. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, omijé sì ń kán sórí ìyẹ̀fun pákó nílẹ̀.

"Bàbá, kí ló dé?"

Bàbá yára fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ìyẹ̀fun pákó ló kó sí mi lójú."

Kì í ṣe orúkọ ìsọmọlórúkọ ni Lọ́yà. Ẹnu rẹ̀ tí kì í sinmi láti kékeré ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá ní kó lọ sùn, yóò rojọ́ títí ìyá yóò fi dá a láre. Ẹni tó kọ́kọ́ pè é ní Lọ́yà ni ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ tí àwọn ọmọdé ń pè ní Bàbá Ẹ̀rín. Ọ̀gá kan náà ló kọ́ òun àti bàbá níṣẹ́, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ ń kan òrùlé kiri. Nígbà òjò tó kọjá, bí wọ́n ṣe wà lórí òrùlé kan tó tutù, ẹsẹ̀ Bàbá Ẹ̀rín yọ̀. Wọn ò gbé e dé ọsíbítù tó fi kú.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló fá pákó pósí ọ̀rẹ́ rẹ̀, òun náà ló kàn án. Lọ́jọ́ ìsìnkú, gbogbo ènìyàn ń sunkún, bàbá dúró gbọnrangandan. "Ọkùnrin gidi nìyí," ni wọ́n ń wí. Orí Lọ́yà wú lọ́jọ́ náà.

Ọkùnrin gidi náà nìyí lẹ́yìn pákó, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

"Ohun tí o rí yìí, àárín èmi pẹ̀lú rẹ ni," bàbá wí. "Ìyá rẹ kò gbọdọ̀ gbọ́. Ọkùnrin ni ìwọ náà."

Lọ́yà mi orí. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn díẹ̀ pé bàbá fi ọ̀rọ̀ àgbà sí òun lọ́wọ́. Kò mọ̀ pé ẹrù tí wọ́n gbé lé òun lórí ju ọrùn òun lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ojú rẹ̀ ti là sí ohun tí kò rí tẹ́lẹ̀. Oúnjẹ bàbá ń padà sí ilé ìdáná bí wọ́n ṣe gbé e wá. Bí ìdérí ìkòkò bá bọ́ lulẹ̀, bàbá á ta gìrì, ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan á sì di ariwo. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ òrùlé wá, bàbá á ní igi ti wọ́n. Àga àti tábìlì nìkan ló ń kàn.

"Kí ló ń ṣe bàbá rẹ?" ni ìyá bi í bí wọ́n ṣe ń fọ abọ́. "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ máa ń sọ̀rọ̀."

"Ó rẹ̀ wọ́n ni, Màmá."

Ìyá wò ó títí, ó sì padà sídìí abọ́ tó ń fọ̀. Ìdánwò àṣejáde ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àmọ́ bí Lọ́yà bá ṣí ìwé, á ka ojú ewé kan parí láìmọ ohun tó kà. Olùkọ́ rẹ̀ pè é, ó ní kí ló dé. Ó ní kò sí nǹkan. Irọ́ bàbá ti di tọmọ.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n bàbá, tó ń ta páànù, wá kí wọn. Bó ṣe jókòó ló bẹ̀rẹ̀.

"Wọ́n ní o kì í gba iṣẹ́ òrùlé mọ́. Kí ló dé?"

"Ẹ̀gbọ́n, ara mi ni kò yá."

"Ṣé torí ẹni tó kú yẹn ni? Ẹni tó lọ ti lọ. Akọ igi kì í ṣoje. Mo ti bá ọ gba iṣẹ́ ilé oníbàárà mi kan. Sátidé lo máa bẹ̀rẹ̀."

Bàbá gbé ojú sókè wo Lọ́yà. Ojú náà ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gba òun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Lọ́yà tó lè bá gbogbo ayé jiyàn wo ilẹ̀.

Nígbà tí Sátidé pé, Lọ́yà tẹ̀ lé bàbá lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ti mọ ilé náà dé òkè. Onílé dúró sísàlẹ̀ pẹ̀lú agboòrùn, àwọn bíríkìlà méjì ń po sìmẹ́ǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá gun àkàbà lọ, ó ń kan ìṣó, Lọ́yà ń na igi sí i. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa. Àfi bí pákó kékeré kan ṣe yọ̀ lókè, tó já bọ́, tó sì dún gbì lórí ilẹ̀.

Òòlù bọ́ lọ́wọ́ bàbá. Ó fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ dì mọ́ igi òrùlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré láti ọ̀nà jíjìn.

"Bàbá!"

Bàbá tún dì mọ́ igi náà pinpin.

Onílé bú sẹ́rìn-ín. "Kafíńtà tó ń bẹ̀rù òkè! Ẹ wá wo nǹkan."

"Àbí ó ti mutí ni?" bíríkìlà kan béèrè.

Irọ́ kan ti wà lórí ahọ́n Lọ́yà. Ì bá ní bàbá kò jẹun, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó rí bí ìka bàbá ṣe fún mọ́ igi náà. Ó wá yé e pé bí òun bá tún pa irọ́ yìí, ó lè jẹ́ èyí tó máa gbẹ̀yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín," ó wí. "Ọ̀rẹ́ wọn já bọ́ láti orí òrùlé lójú wọn, ó sì kú. Láti ìgbà náà, wọn ò jẹun, wọn ò sùn. Ẹ bá mi di àkàbà mú."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu wọn. Bíríkìlà tó sọ̀rọ̀ ọtí ló kọ́kọ́ sáré wá di àkàbà mú. Lọ́yà gòkè, ó jókòó lé igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá.

"Sọ̀kalẹ̀," bàbá wí wúyẹ́wúyẹ́. "O máa já bọ́."

"Mo di igi mú dáadáa. A jọ máa sọ̀kalẹ̀ ni."

Bàbá fi iwájú orí ti igi náà. "Ọwọ́ mi kan kọ́là aṣọ rẹ̀, Lọ́yà. Ó kàn án. Ká ní mo yára díẹ̀ sí i..."

Ẹkún gbé ọ̀rọ̀ yòókù mì. Bàbá sunkún lójú onílé, lójú bíríkìlà, lójú àwọn tó ń kọjá ní òpópónà. Lọ́yà gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, kò sì ní kó dákẹ́. Nígbà tí ẹkún rọlẹ̀, èémí rẹ̀ náà rọlẹ̀. Bíríkìlà kejì gòkè wá, wọ́n sì mú bàbá sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nílé, Lọ́yà tú gbogbo ọ̀rọ̀ palẹ̀ fún ìyá.

"O mọ̀, o sì ń wò mí níran?"

"Wọ́n ní n má sọ ni, Màmá."

"Mo gbọ́. Àmọ́ àṣírí tó bá fẹ́ pa ènìyàn, a kì í bá a pa á mọ́. Dókítà la máa gbé e lọ bá."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀gbọ́n bàbá dé tìbínútìbínú. Ó ní wọ́n ti sọ ẹbí di yẹ̀yẹ́, pé bí wọ́n bá gbé àbúrò òun lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ, ayé á ní ó ya wèrè. Ìyá kì í dá a lóhùn tẹ́lẹ̀, ó dá a lóhùn lọ́jọ́ náà.

"Ẹ̀gbọ́n, kafíńtà ni mo fẹ́. Mi ò tíì rí igi tútù tó gé tí kò ní oje. Kí ayé pè é ní wèrè, kó ṣáà wà láàyè kó gbọ́."

Wọ́n lọ sí ọsíbítù. Dókítà gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá látòkè délẹ̀ láìjá lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Ẹ ò ya wèrè, ẹ kì í sì í ṣe ojo," ó wí. "Ọgbẹ́ ni. Ibi tó wà ni ojú kò tó." Ó fún un ní oògùn tí yóò jẹ́ kó rí oorun sùn, ó sì ní kó máa wá bá òun sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dára lójú ẹsẹ̀. Bàbá kò fẹ́ rí ojú Lọ́yà. Nílé-ìwé, àwọn kan ń dì mọ́ tábìlì, wọ́n ń sín bàbá rẹ̀ jẹ. Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, Lọ́yà kò yege nínú ìṣirò, ó sì di dandan kó tún un ṣe.

Ìwé ìṣirò náà ló ń kà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí bàbá wá jókòó tì í.

"Mo bínú sí ọ," bàbá wí.

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Ìtìjú ni mo ń pè ní ìbínú. Ẹrù tó wúwo fún àgbà ni mo gbé ka ọmọdé lórí. Dárí jì mí. Ìwọ ńkọ́? Báwo ni ọkàn tìrẹ?"

Ẹnu Lọ́yà ti là láti sọ pé kò sí nǹkan. Ó pa á dé. "Kò dáa, Bàbá. Bí mo bá ti di ojú báyìí, mo máa ń rí yín pé ẹ ń já bọ́."

Ó bú sẹ́kún. Bàbá kò sọ fún un pé ọkùnrin ni. Ó fà á mọ́ra, ó sì jẹ́ kó sun ún tán.

Bàbá kò tíì padà sórí òrùlé, bóyá kò sì ní padà mọ́. Àmọ́ ó ń jẹun, ó sì ń sùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àwọn àgbà ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹkún kò gba ipò ọkùnrin lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ọkàn yín bá wúwo, ẹ wá ẹni tí ẹ máa sọ ọ́ fún. Bí ẹni tí ẹ fẹ́ràn bá sì ní kí ẹ bá òun fi ìrora pamọ́, ẹ sọ ọ́ síta fún ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́. Ó lè bínú. Ẹ jẹ́ kó bínú, kó ṣáà wà láàyè.