Àlàfo Kan Nínú Ìwé Oògùn Ọmọdé

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ kò tíì lù tí ìlà àwọn ìyá ọlọ́mọ fi gùn dé ẹnu géètì ilé ìwòsàn. Ọmọ kan ń ké, òmíràn ń dá a lóhùn. Nínú ọ́fíìsì kékeré tó wà lẹ́yìn yàrá ìforúkọsílẹ̀, Akọ̀wé jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń retí iṣẹ́.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí ti fi ń tẹ̀wé. Kò-Sálàfo ni àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè é. Ìyá tó kọ́ ọ níṣẹ́ láyé táípù ló tẹnu mọ́ ọn fún un pé àpótí tó ṣófo nínú àtẹ, ìwà ọ̀lẹ ni. Bí ìyá náà bá rí ọ̀kan péré, rúlà ló máa fi gbá a lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, bí Akọ̀wé bá ti rí àlàfo nínú ìwé, ara rẹ̀ kì í balẹ̀ àfi tó bá dí i.

Nọ́ọ̀sì Àgbà yọjú wọlé.

"Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ìwé ìlò oògùn ibà ọmọdé ti dé. Inú ẹ̀rọ wa tuntun la ti gbé e jáde. HTML ni wọ́n ń pe irú fáìlì bẹ́ẹ̀, irú èyí tí íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń lò. Ẹ bá mi tò ó kó dúró dáadáa lórí bébà, kí Onítẹ̀wé tẹ igba ẹ̀dà. Ọ̀sán yìí la máa pín in fáwọn ìyá."

"Ṣé èyí náà niṣẹ́?" ni Akọ̀wé fi dá a lóhùn.

Ó lọ sídìí kọ̀ǹpútà Nọ́ọ̀sì Àgbà. Nǹkan méjì ló bá níbẹ̀ tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà: fáìlì kan, àti fódà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kó fáìlì sínú fúláàṣì, ó fi fódà sílẹ̀. Lójú tirẹ̀, ohun kan náà ni méjèèjì. Kí ló fẹ́ fi ẹrù àpọ̀jù ṣe?

Ó dé ọ́fíìsì, ó ṣí fáìlì náà nínú ètò ìkọ̀wé tó fi máa ń tẹ lẹ́tà. Ló bá figbe ta.

"Yéè! Ta ló da ìwé yìí rú báyìí?"

Àwọn lẹ́tà tó ní àmì ti di wúruwùru. Lókè, níbi tó yẹ kí àwòrán wà, àpótí funfun kan tó ní àgbélébùú pupa ló jókòó síbẹ̀. Àtẹ náà fẹ̀ ju bébà lọ. Èyí tó wá bí i nínú jù ni àpótí tó kọjú sí "Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan". Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó tún àwọn lẹ́tà tẹ̀. Ó pa àpótí alágbélébùú rẹ́, torí kò rí ìwúlò rẹ̀. Ó wá dé ibi àlàfo, ó kó gbogbo ìwọ̀n oògùn tó wà nísàlẹ̀, ó sì fà wọ́n sókè ní ìlà kan. Bí ìwọ̀n ọmọ ọdún kan ṣe di ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún nìyẹn. Ìlà ìkẹyìn wá ṣófo, ó pa á rẹ́. Àtẹ náà dúró ṣánṣán. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹ ẹ̀dà kan jáde, ó sì mú un dání jáde síta.

Ibi ìlà ló ti rí àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó pọn ọmọ oṣù méje sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí o. Ara ọmọ ń gbóná láti àná, àwọn tó wà níwájú mi sì lé ní ogójì."

"Oògùn ibà olómi tí ẹ̀gbọ́n ọmọ yìí lò lọ́jọ́sí, ṣé ó ṣì wà nílé?"

"Ó wà. Kò tíì dé ìdajì."

"Kí lo wá ń tò fún? Gba ìwé yìí. Ohun gbogbo ló wà níbẹ̀. Ṣíbí kan, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Máa lọ sílé, kí oòrùn má pa ọmọ."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ó dáa kéèyàn léèyàn."

Akọ̀wé padà wọlé. Inú rẹ̀ dùn pé òun rí nǹkan ṣe fún ọmọ ìyá òun. Ó mú fúláàṣì, ó sì sọdá títì lọ sọ́dọ̀ Onítẹ̀wé.

Bàbá yìí kì í tẹ ohun tí kò bá kà, ìbáà jẹ́ ìwé ìpè ìgbéyàwó ẹni tí kò mọ̀ rí. Ó fi gíláàsì sójú, ó ka ìwé náà láti òkè délẹ̀, ó tún padà sókè.

"Akọ̀wé, orí ìwé yín sọ pé láti ìgbà ìbí dé ọdún méjìlá. Àtẹ yín dúró sí ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn ọlọ́dún mẹ́wàá ńkọ́? Ṣé ibà kì í mú wọn ni?"

"Bàbá, ìlà yẹn ṣófo ni. Mo pa á rẹ́."

"Kí ló sọ ọ́ dòfo?"

Ó ṣàlàyé bó ṣe fa ìwọ̀n oògùn sókè láti dí àlàfo. Onítẹ̀wé yọ gíláàsì lójú.

"Fáìlì tí wọ́n kọ́kọ́ fún yín dà?"

Ó wà nínú fúláàṣì. Onítẹ̀wé kò fi ètò ìkọ̀wé ṣí i rárá. Ohun tó fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì ló fi ṣí i. Àtẹ náà jáde gbọọrọ, ó gba ojú kọ̀ǹpútà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, àwọn lẹ́tà rẹ̀ sì pé. Lápá ọ̀tún pátápátá, níwájú "Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan", wọ́n fi lẹ́tà pupa kọ ọ́ pé: MÁ FÚN UN NÍ OÒGÙN YÌÍ NÍLÉ. GBÉ E WÁ SÍ ILÉ ÌWÒSÀN KÍÁKÍÁ.

Akọ̀wé sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ó kà á sókè.

"Ọ̀rọ̀ yẹn kò sọnù," ni Onítẹ̀wé wí. "Ó kọjá etí bébà ni. Fáìlì yìí ò mọ etí bébà..."

"Bàbá, ẹ dúró ná! Mo ti fún àbúrò mi!"

Ó fa fóònù yọ. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan, kò gbé e. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, kò gbé e. Onítẹ̀wé pa ẹ̀rọ ńlá tó ń dún lẹ́yìn wọn. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni àbúrò rẹ̀ tó gbé e, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra. Ọmọ ń sùn."

"Ṣé o ti fún un lóògùn?"

"Mo ti bù ú sínú ṣíbí. Mo ń dúró kó jí ni."

"Ṣíbí wo?"

"Ṣíbí ìjẹun ni. Ìwé yín ò kúkú sọ irú ṣíbí."

"Dà á nù! Dà á nù báyìí, kó o gbé ọmọ náà padà wá. Má tò mọ́, ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì Àgbà ni kó o gbà lọ tààrà."

Àbúrò rẹ̀ da oògùn náà nù, ó sì padà sórí fóònù.

"Ó ṣe mí bákan o, pé oògùn náà pọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ìyẹn ni mi ò ṣe wò ó lẹ́ẹ̀mejì."

Akọ̀wé ti fóònù bọ àpò.

Ó sáré padà lọ sọ fún Nọ́ọ̀sì Àgbà, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Nígbà tí ọmọ náà dé, wọ́n gbà á wọlé lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tí Akọ̀wé rí i pé ọmọ náà ti wà lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n tọ́jú ló tó kó fáìlì àti fódà pọ̀, ó sì padà sọ́dọ̀ Onítẹ̀wé.

"Ìyá àti ọmọ ni àwọn méjèèjì yìí," ni bàbá náà wí. "Inú fódà ni àwòrán wà. Ẹ mú ìyá, ẹ fọmọ sílẹ̀. Ẹ wò ó bó ṣe padà."

Níbi tí àgbélébùú pupa wà tẹ́lẹ̀, àwòrán ṣíbí kékeré tó máa ń bá oògùn wá ló jókòó síbẹ̀, pẹ̀lú ọfà tó ń tọ́ka sí ìlà tí oògùn kò gbọdọ̀ kọjá.

Onítẹ̀wé wá fi iyókù hàn án. Nígbà tí ètò ìkọ̀wé béèrè irú lẹ́tà tí fáìlì náà ń lò, UTF-8, èyí tó mọ àmì èdè Yorùbá, ló mú, gbogbo àmì orí lẹ́tà sì padà sípò. Ó dá bébà náà dùbúlẹ̀ kó lè fẹ̀, ó sì pàṣẹ fún àtẹ náà kó sún wọ inú bébà. Ìkìlọ̀ pupa wọlé wẹ́rẹ́. Ó já ìdè tó so àwòrán mọ́ fódà kí àwòrán lè máa gbé inú ìwé fúnra rẹ̀. Ó wá tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé ètò ìkọ̀wé gan-an.

"Tí mo bá kàn yí .html tó wà ní ìrù orúkọ rẹ̀ padà ńkọ́, Bàbá?"

"Ẹni tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, ṣé ó ti di nọ́ọ̀sì nìyẹn?"

Wọ́n gbé fáìlì àkọ́kọ́ àti ìwé tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ń pè, èkejì ń wò. Nọ́ọ̀sì Àgbà náà kà á kó tó fọwọ́ sí i. Aago méjì ni igba ẹ̀dà jáde. Ara ọmọ náà ti ń tutù nígbà yẹn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Akọ̀wé lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé fáìlì láti inú ẹ̀rọ kan bọ́ sínú òmíràn. Bí wọ́n bá fún yín ní fáìlì HTML, ẹ kọ́kọ́ fi ohun tí ẹ fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì ṣí i, kí ẹ mọ bó ṣe rí gan-an. Ẹ má fi fódà rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn. Bí àtẹ bá fẹ̀ ju bébà lọ, bébà ni kí ẹ tún tò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Bí nǹkan kan ò bá sì yé yín, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó gbé e jáde, kó tún un gbé jáde. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ẹ̀dà tí àbúrò rẹ̀ mú padà wá ni Akọ̀wé lẹ̀ mọ́ ògiri, lókè kọ̀ǹpútà rẹ̀. Wọ́n ṣì ń pè é ní Kò-Sálàfo, ó sì ń dáhùn. Ṣùgbọ́n bó bá rí àlàfo nínú ìwé báyìí, ọwọ́ rẹ̀ kì í yá mọ́. Á dìde, á lọ bi ẹni tó ni ìwé pé kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó máa lo ìwé yín lè má wò ó lẹ́ẹ̀mejì.