Ṣé Ó Máa Ń Wá Ni, Àbí Ó Máa Ń Wá Tẹ́lẹ̀?

Èmi ni mo ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má wá ẹlòmíràn tí yóò dá lẹ́bi. Ẹnu mi yìí, tí eyín inú rẹ̀ kò tó jẹ àgbàdo sísun mọ́, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé ọkọ ọmọ-ọmọ mi lọ, bẹ́ẹ̀ mo rò pé mò ń tún ọ̀rọ̀ ṣe ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi rẹ́rìn-ín tán kí n tó sọ ọ́. Ó dáa, mo ti rín in tán.

Ummu Kulthum ni ọmọ-ọmọ mi ọ̀hún, Kúlú là ń pè é nílé. Ṣọ́ọ̀bù oògùn ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Ìṣirò kò dẹ́rù bà á. Gẹ̀ẹ́sì kíkọ ni wàhálà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi wọ kíláàsì àwọn àgbà kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nítòsí Gáréèjì Ọ̀fà, níbi tí ariwo àwọn tó ń pe èrò sọ́kọ̀ ti ń gba ojú fèrèsé wọlé bí ẹni tó san owó ẹ̀kọ́.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀, tíṣà ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ṣe lánàá. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan ni tíṣà náà, Abdulfattah lorúkọ rẹ̀, ó máa ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń da òróró sínú ìgò. Ó dúró sẹ́yìn Kúlú, ó ka ohun tó kọ: "Yesterday I go to Ipata and buy yam."

"Àǹtí, ṣé ẹ ti lọ ọjà Ìpàtà ọ̀hún ni, àbí ẹ ṣì wà lójú ọ̀nà?"

"Mo ti lọ, sà. Mo ti bọ̀. A ti gún iṣu náà, a ti jẹ ẹ́."

"Sà, ẹ má jẹ́ kó sọ ibi tí iṣu náà wà báyìí o!" ni Lami tó jókòó tì í wí.

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Abdulfattah náà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ nù.

"Ní Yorùbá, 'mo lọ' ti tó," ló wí. "Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kì í gba ẹnu ẹni gbọ́. Àfi kí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé ó ti kọjá."

Ó kọ "went" sójú pátákó. Kúlú kò rí pátákó. Ọwọ́ tó ń kọ ọ́ ló ń wò.

Láti ọjọ́ náà ni ara ọmọ yìí kò ti balẹ̀ mọ́. Á fọ abọ́ tán, á tún padà fọ ọ́. Á jókòó, á dìde, á yọjú sóde bí ẹni tó ń retí òjò. Nígbà tó yá, Abdulfattah bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ín dé ibi kẹ̀kẹ́ màrúwá, wọ́n pa "ẹ" tì, ó sì di "o" tí wọ́n ń pe ara wọn.

"Kúlú mi, ọjọ́ wo ni kí n wá kí àwọn ará ilé?"

"Ìyá mi àgbà ni kó o kọ́kọ́ kí. Bí wọ́n bá ti fẹ́ràn rẹ, ọ̀rọ̀ bùṣe, olólùfẹ́ mi."

Ó wá. Mo gbé wàrà fún un, inú mi dùn, ẹnu mi sì já bí ìjánu ẹṣin. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé ọmọ wa kì í ṣe ọmọ tí a kò rí ẹni fẹ́.

"Ọmọ dáadáa ló ń fẹ́ràn Kúlú," ni mo wí. "Ẹ wo Haneef. Gbogbo Jímọ̀ ló máa ń wá síbí. Òun ló máa ń bá mi gé èékánná ẹsẹ̀, èékánná tó le bí ìwo màlúù yìí! Ó fẹ́ràn Kúlú bí ojú."

Abdulfattah gbé abọ́ wàrà kalẹ̀. "Gbogbo Jímọ̀, Mama?"

"Gbogbo Jímọ̀!" Mo tilẹ̀ na ẹsẹ̀ sí i kó lè rí i. Bó bá wò ó dáadáa ni, ìbá ti mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gé e.

Ó dúpẹ́, ó dìde, ó lọ. Mo ní ọmọ yìí mà níwà ìrẹ̀lẹ̀ o.

Nígbà tí Kúlú dé kíláàsì, Abdulfattah kò wo ojú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, Kúlú dúró dè é lórí àtẹ̀gùn.

"Abdulfattah, kí ni mo ṣe?"

"Ẹ kò ṣe nǹkan kan."

"'Ẹ' kẹ̀? Èmi lò ń pè ní 'ẹ'?"

"Ẹ jọ̀ọ́, àwọn kẹ̀kẹ́ ń lọ."

Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn dùn ún ju kó bú u lọ. Lami ló wá gbọ́ ìyókù, tó sọ ọ́ fún un. Ó pẹ́ tí ìyá Abdulfattah, Alhaja Bàríkísù, ti ń fẹ́ kó gbé Huda níyàwó, ọmọ ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ ní GRA. Tẹ́lẹ̀, Abdulfattah kì í dá a lóhùn. Ní báyìí, ó ti ní ohun tí ìyá òun bá fẹ́ ni òun náà fẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú ni ẹbí rẹ̀ yóò lọ tọrọ Huda.

Kúlú sáré délé. Kò lè jókòó; ó ń lọ láti yàrá sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń bọ̀.

"Ìyá àgbà, kí lẹ sọ fún un?"

Mo tún gbogbo rẹ̀ sọ, títí dórí èékánná. Ó ká ọwọ́ lérí.

"Ṣé ẹ sọ pé tẹ́lẹ̀ ni?"

"Tẹ́lẹ̀ kẹ̀?"

"Haneef ti lọ Kánò, Ìyá àgbà! Ó ti fẹ́yàwó, ó ti bímọ! Ẹ ní ó máa ń wá, ẹ kò sọ pé tẹ́lẹ̀!"

Wallahi, bí ilẹ̀ bá là, ìdí mi ńlá yìí nìkan ni kì bá jẹ́ kí n wọ inú rẹ̀.

Kúlú pe Abdulfattah títí, kò gbé fóònù. Ó wá ku kíláàsì ọjọ́ Jímọ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ náà ni kí oníkálukú kọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí i rí, kó sì kà á sókè. Kúlú ló kọ́kọ́ nawọ́.

Ó dìde dúró. Ó kà á: "Haneef use to come to our house every Friday. He use to cut my grandmother's nails. I use to love him."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Abdulfattah di etí tábìlì mú.

"Etí kò lè mọ èyí," ló wí. "Ẹ wá kọ ọ́ sójú pátákó."

Ó kọ ọ́. Abdulfattah na ìka sí "use".

"Báyìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń kọ ọ́ bí a bá fẹ́ sọ pé 'máa ń'. Ó máa ń wá, ó ṣì ń wá. Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ sọ nìyẹn? Bó bá ti kọjá, lẹ́tà kan ló kù síbẹ̀."

Kúlú fi "d" sí ti àkọ́kọ́. Ó fi sí èkejì. Nígbà tó dé ẹ̀kẹta, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Nísàlẹ̀, ẹnì kan ń pariwo pé èrò kan ló kù.

Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kì í ṣe pé òun ṣì fẹ́ràn Haneef. Ṣùgbọ́n ní Yorùbá, "mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀" ni, òun lè fi í síbẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìsọ bóyá ti àná ni tàbí ti òní. Ẹnikẹ́ni kò tíì bi òun rí, òun náà kò sì bi ara òun.

Ó fi "d" sí i, èyí tó tóbi jù. Ó yíjú padà.

"Tẹ́lẹ̀ ni, sà. Ó ti níyàwó ní Kánò. Ìyá mi àgbà ló gbàgbé láti sọ pé tẹ́lẹ̀."

"Ta wá lo nífẹ̀ẹ́ báyìí?" Abdulfattah kò rántí pè é ní "ẹ" mọ́.

"Sà, ìyẹn ò sí nínú ohun tá a fẹ́ ṣèdánwò lé lórí o!" ni Lami wí.

"Ìwọ ni," ni Kúlú wí. "Kò sí 'd' níbẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, Abdulfattah mú ìyá rẹ̀ wá sí ilé mi. Alhaja Bàríkísù jókòó, kò bá mi ṣeré. Ó bi mí léèrè Haneef, mo sì fi "tẹ́lẹ̀" sí gbogbo ọ̀rọ̀ mi bí ẹni tó ń da iyọ̀ sọ́bẹ̀, títí dórí "ẹ káàbọ̀ tẹ́lẹ̀". Ó rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Ó pe Kúlú, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ọmọ mi kò jẹun láti ọjọ́ tó ti délé rẹ," ló wí. "N kò lè fi agbára fún un níyàwó. Mo gbà, kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i. A ó so yìgì yín."

Omi bọ́ lójú Kúlú. Abdulfattah wólẹ̀, ó ń dúpẹ́. Mo ti fẹ́ dìde jó, ṣùgbọ́n Alhaja kò tíì sọ̀rọ̀ tán. Kò tú ọwọ́ Kúlú sílẹ̀. Abdulfattah ló kọjú sí.

"Huda ti ń pè mí ní Ìyá mi. Èmi fúnra mi ni mo sọ fún un pé o ti gbà, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó sunkún. Ta ni nínú wa tí yóò lọ sọ fún un?"