Èyí Tí Kì Í Bínú

Ojú mi ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣe. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kankan. N kì í mutí, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni mo sì ń lò. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé àárẹ̀ ló ń dà mí láàmú, kó sọ ọ́. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi títí, kò yí ohun tí mo rí padà.

Olúbùsọ́lá ni orúkọ mi. Alibon, ní Dagenham nílẹ̀ òyìnbó níbí, ni à ń gbé, nínú àwọn ilé kéékèèké tó fara ti ara wọn, tí èèyàn ń gbọ́ ikọ́ aládùúgbò láti ara ògiri. Ìyá mi ni mò ń tọ́jú. Ọdún kẹrin rèé tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù ú. Apá òsì rẹ̀ kú, ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì di ẹyọ kọ̀ọ̀kan. A gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí pálọ̀ torí kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Mo fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ ní ilé ìdáná ilé ìwé kan. Àwa mẹ́ta ni ìyá mi bí. Ẹ̀gbọ́n wa wà ní Kánádà, ìmọ̀ràn ló máa ń fi ránṣẹ́. Bíọ́dún, àbúrò mi ọkùnrin, wà ní Marks Gate níbí. Òun máa ń sọ pé òun ń bọ̀.

Agogo márùn-ún ìdájí ni mò ń dìde. Màá yí ìyá mi padà, màá nù ún, màá pààrọ̀ pámpásì, màá lọ oúnjẹ kúnná, màá fi síbí kékeré bọ́ ọ. Tó bá tu ú dànù, màá tún bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá jókòó, ó ń pè mí. Tí n kò bá jókòó, ó ṣì ń pè mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti sùn wọra kẹ́yìn.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú oṣù kìíní. Ọ̀sán ni. Mo ti pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ náà. Ìyá mi fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbá abọ́ ẹ̀kọ dànù sí mi lára. Mo di ọwọ́ náà mú. Mo dì í mú ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí mo fi í sílẹ̀, ojú ìka mi mẹ́rin wà níbẹ̀, ó pọ́n. Kò sunkún. Ó kàn ń wò mí.

Mo lọ dúró sí ilé ìdáná, mo dojú kọ ògiri. Mo sọ ọ́ síta pé: "Ẹnikẹ́ni tó bá lè ṣe é jù mí lọ, kó wá gbà á lọ́wọ́ mi."

Ilé dákẹ́. Fíríìjì tó máa ń kùn pàápàá dákẹ́. Mo rò pé iná ló lọ. Iná ò lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Rahmah, nọ́ọ̀sì tó ń wá wo ojú egbò ẹ̀yìn ìyá mi, parí iṣẹ́ rẹ̀, kò sì dìde. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ta ló ń tọ́jú ẹ̀yin náà?"

Ó kọ àdírẹ́sì sí ìwé pélébé kan fún mi. Àwọn tó ń tọ́jú ẹbí wọn nílé máa ń pàdé ní ilé ìkàwé, ọ̀sán Túsìdeè, agogo kan sí mẹ́ta.

Mo bẹ Bíọ́dún pé kó wá jókòó ti ìyá wa. Lọ́jọ́ Túsìdeè náà, ó pè mí nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí agogo kan lù.

"Mo ti wà nínú bọ́ọ̀sì, sístà mi. Ẹ máa lọ. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ìkòkò òdòdó."

Mo lọ.

A ò ju mẹ́jọ lọ níbẹ̀. Michelle ló ń darí wa, obìnrin kan tó ti tọ́jú bàbá rẹ̀ títí bàbá náà fi kú. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hamid ní ọdún keje rèé tí òun ti ń tọ́jú ìyàwó òun. Ó ní lójoojúmọ́, òun máa ń ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, òun á dùbúlẹ̀ sínú ọpọ́n ìwẹ̀ gbígbẹ, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Michelle ní ohun tó dáa ni. Ó ní ẹni tó bá ti wó lulẹ̀ kò lè gbé ẹlòmíràn dìde. Ó ní ká máa ké síta kó tó mù wá dé ọrùn. Mo rántí ojú ìka mẹ́rin yẹn. Mi ò sọ ọ́.

Nígbà tí mo délé, ó ti lé díẹ̀ ní agogo mẹ́ta ààbọ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú bó ṣe máa ń ṣú nígbà òtútù. Òórùn àdí àgbọn pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi jókòó, ìrọ̀rí gbè é lẹ́yìn. Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti di irun rẹ̀ ní ṣùkú, ọ̀nà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó gún régé. Abọ́ oúnjẹ ti ṣófo.

Mo wo irun náà. Bíọ́dún ò mọ irun dì.

Mo tan fóònù mi tí mo ti pa ní ìpàdé. Bíọ́dún ti pè mí lẹ́ẹ̀marùn-ún. Mo pè é padà.

"Ẹ má bínú, sístà mi. Wọ́n pè mí padà síbi iṣẹ́. Mi ò dé Dagenham rárá. Ṣé kò sí wàhálà o?"

Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lábẹ́ ìkòkò òdòdó.

Mo kúnlẹ̀ síwájú ìyá mi. "Mọ́mì, ta ló di irun yín?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo béèrè orúkọ ara mi lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìwọ ni."

"Ìgbà wo?"

"Báyìí." Ó gbójú sí àjà. "Ó ṣì wà lókè."

Mo gun àtẹ̀gùn náà lọ. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Tówẹ́ẹ̀lì tutù nínú balùwẹ̀. Lórí bẹ́ẹ̀dì tèmi, ojú ibi tí èèyàn jókòó sí ti rì sínú. Mo fọwọ́ kàn án. Ó gbóná.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò jáde. Bíọ́dún bẹ̀ mí títí, ó gbà láti máa wá ní ọjọ́ Sọ́ńdè, ó sì wá. Ìyá Moṣọpẹ́ láti ṣọ́ọ̀ṣì wa náà wá gbàdúrà fún wa. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú sùtánà funfun rẹ̀. Ó ń gbàdúrà lọ, ló bá dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Ó lajú.

"Bùsọ́lá, ta lo pè sílé yìí?"

"Mi ò pe ẹnì kankan, mà."

"O pè."

Mo sọ ohun tí mo sọ ní ilé ìdáná fún un. Ó dìde lórí ìkúnlẹ̀.

"Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá dáni lóhùn lèèyàn pè."

"Kí ni kí n wá ṣe, mà?"

"Lọ sùn. Èmi á jókòó tì wọ́n."

Mo sùn fún wákàtí méjì. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, Ìyá Moṣọpẹ́ di abọ́ oúnjẹ mú, kò dín rárá.

"Wọn ò gbà á lọ́wọ́ mi," ó ní.

Ìyá mi kò gbà á lọ́wọ́ Bíọ́dún náà. Kò sì gbà á lọ́wọ́ èmi mọ́. Tí mo bá gbé síbí dé ẹnu rẹ̀, á pa ètè pọ̀, á yí ojú sí ilẹ̀kùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì. Díẹ̀ péré."

"Ó ń bọ̀."

"Ta ló ń bọ̀?"

"Èyí tí kì í bínú."

Mo gbé abọ́ náà sílẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí omi dé ojú mi.

Rahmah wọn ọwọ́ ìyá mi láti mọ bó ṣe rù tó. Ó tún un wọ̀n. Ó ní tó bá ń bá a lọ báyìí títí ọ̀sẹ̀ máa fi parí, ilé ìwòsàn ni, wọ́n á sì ki rọ́bà oúnjẹ bọ imú rẹ̀. Ìyá mi ti sọ fún mi nígbà tára rẹ̀ le pé òun kò fẹ́ kí wọ́n ki nǹkan bọ òun nímú láyé òun.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Catherine, òyìnbó àgbàlagbà tó ń gbé ilé kejì, rí mi níbi tí mo ti ń da ìdọ̀tí nù. Ó ní òun ò mọ̀ pé mo lè kọrin.

"Ìgbà wo lẹ gbọ́ mi?"

"Túsìdeè ọjọ́sí. Gbogbo ọ̀sán lo fi kọ ọ́. Mo pa tẹlifíṣọ̀n kí n lè gbọ́ dáadáa." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "O ò ṣe kọrin mọ́?"

Mi ò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Mò ń ṣírò ọjọ́ mẹ́ta tí ìyá mi ti fi omi nìkan gbé ẹ̀mí ró.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ súwẹ́tà mi aláwọ̀ búlúù. Mo fi ọbẹ̀ ẹja àti ẹ̀bà rírọ̀ sílẹ̀ nínú abọ́ olómọrí. Mi ò sọ fún ẹnì kankan pé mo ń jáde. Mo ti ilẹ̀kùn, mo rìn dé ìkángun títì, mo dúró títí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fi kọjá. Lẹ́yìn náà mo padà. Mo gba orí koríko, kí bàtà mi má baà dún. Mo yọjú láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pálọ̀.

Ọ̀sán gangan ni. Ìmọ́lẹ̀ wà. Kò sí ohun tó di ojú mi.

Obìnrin kan jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kẹ̀yìn sí mi. Súwẹ́tà búlúù ló wọ̀. Mo fọwọ́ kan àyà ara mi. Tèmi ṣì wà lọ́rùn mi. Ó ń bọ́ ìyá mi ní ẹ̀bà, òkèlè kékeré, òkèlè kékeré, kò kánjú. Ìyá mi ń jẹun. Ó ń rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ sì tọ́. Ọwọ́ òsì rẹ̀, èyí tí kò gbéra láti ọdún mẹ́rin, wà ní èjìká obìnrin náà. Àwọn ìka náà ń gbá a pẹ́pẹ́.

Obìnrin náà dáwọ́ dúró. Kò wẹ̀yìn. Ìyá mi ló gbójú sókè tó rí mi. Ẹ̀rín rẹ̀ wálẹ̀. Ó mi orí sí mi díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń mi orí sọ́mọ tó fẹ́ já wọ ibi tí àwọn àgbà ti ń sọ̀rọ̀.

Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n wọlé. Ohun tí mi ò tíì sọ fún Bíọ́dún, tí mi ò sọ fún Ìyá Moṣọpẹ́, òun nìyí: kì í ṣe ẹ̀rù ló kọ́kọ́ dé bá mi. Oorun ni.

Mo wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Barking. Mo sùn kí a tó dé ìdúró kẹta. Dírẹ́bà ló jí mi ní òpin ìrìn-àjò. Mo wọ òmíràn padà, mo tún sùn. Nígbà tí mo délé, ìyá mi mọ́ tónítóní, ó ń mí jẹ́jẹ́. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti kú padà. Wọ́n bo oúnjẹ sílẹ̀ fún mi lórí tábìlì. Mo jẹ ẹ́. Ọbẹ̀ náà kì í ṣe èyí tí mo sè.

Rahmah ní ara rẹ̀ ti ń bọ̀ sípò. Ó ní ohunkóhun tí mo bá ń ṣe, kí n má dá a dúró. Ó ní èmi náà ti sanra díẹ̀.

Torí náà mò ń jáde. Túsìdeè ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, mo fi Tọ́sìdeè kún un, nítorí ìyá mi ò jẹun mọ́ láàárín Túsìdeè kan sí òmíràn. Michelle ní ojú mi ti ń dán. Mò ń bá wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo ti sọ ti ojú ìka mẹ́rin yẹn fún wọn, Hamid sì di ọwọ́ mi mú. Èyí tó kù ni mi ò sọ.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo padà dé ní agogo mẹ́rin kọjá díẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ le nínú ilẹ̀kùn. Mo yí i títí kó tó gbà. Ìyá mi jókòó gbọọrọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó wo ojú mi, ó wo bàtà mi, ó tún wo ojú mi. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń gba àlejò. Ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ geere, bíi ti àtijọ́.

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó. Ọmọ mi wà ní ilé ìdáná, ó ń bọ̀ báyìí."

"Mọ́mì, èmi ni."

"Ẹ jókòó," ó tún sọ. Ó ń bu ọ̀wọ̀ fún mi.

Ní ilé ìdáná, síbí ń kan ara ife. Ó dúró. Mo gbọ́ sílípáàsì lórí ilẹ̀ onítáìlì, ó ń bọ̀, kò kánjú.

Mo jókòó. Mo tẹ orí mi ba. Ẹnì kan gbé ife tíì sí mi lọ́wọ́, ó sì fọwọ́ kàn mí lójú èjìká, bí mo ṣe máa ń fọwọ́ kan aláìsàn.

"Ó ti rẹ̀ wọ́n," ó sọ fún ìyá mi.

Ohùn mi ni.