Ẹsẹ̀ Tó Wà Lórí Bíréèkì

Ẹni tí ò bá gbà mí gbọ́, kó lọ wo ọkọ̀ náà. Ó ṣì wà lábẹ́ òrùlé páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, òkúta sì wà nídìí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mi ò fi iyọ̀ kún un, mi ò sì fi ata sí i. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́.

Ọ̀sán Sátidé ni. Oòrùn mú, afẹ́fẹ́ ò fẹ́, gbogbo àdúgbò sì dákẹ́ bí ẹni pé wọ́n jọ fẹnu kò láti sùn lẹ́ẹ̀kan náà. Aránṣọ, tí gbogbo wa ń fi iṣẹ́ rẹ̀ pè, tẹ́ páálí sílẹ̀, ó to sípánà rẹ̀ sórí àjákù aṣọ tó ṣẹ́kù nídìí iṣẹ́, ó sì kọjú sí ọkọ̀ àbúrò rẹ̀.

Ọkọ̀ asáré ni, pupa, kúkurú, oníjòkòó méjì. Ó rẹlẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹrí ba fún un. Ẹni tó wá ni ín ga bí òpó iná. Ògòngò ni wọ́n ń pè é nílé láti kékeré, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá jókòó sínú ọkọ̀ náà, orúnkún rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, kò dá wọn lóhùn. Ó fẹ́ràn ọkọ̀ náà ju oúnjẹ lọ.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ó gbé e jáde. Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí ọkọ̀ náà ní ojú títì kan tó jìn sílé, níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́ láti orí òkè wá. Kò kọlu nǹkan kan. Kò ha níbì kankan. Ilẹ̀kùn wà ní títì láti inú, bẹ́líìtì ìjókòó awakọ̀ sì wà ní dídè bí ìgbà tó wà lára èèyàn. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Wọ́n wọ́ ọ wálé, wọ́n fipá ṣí ilẹ̀kùn apá kejì. Wọ́n fẹ́ tú bẹ́líìtì náà, wọ́n tú u títí, kò tú, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí.

Láti ọjọ́ náà ni Màmá wọn ò ti fọwọ́ kan ọkọ̀ yẹn. Bí wọ́n bá fẹ́ sá aṣọ, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń gbà lọ. Lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n ti bá ẹni tó ń wọ́ ọkọ̀ sọ̀rọ̀ pé kó wá gbé e kúrò. Aránṣọ bẹ̀ wọ́n. Lójú tirẹ̀, ọjọ́ tí ọkọ̀ yẹn bá kúrò nílé ni wọ́n sin àbúrò òun, kò sì tíì ṣe tán láti sin ín.

"Ẹ fún mi ní Sátidé yìí, Màmá. Tó bá ti lè rìn, màá wà á lọ sí títì yẹn fúnra mi."

"Kí lo fẹ́ lọ wò níbẹ̀?"

"Ohun tó rí."

Màmá wò ó lọ, wò ó bọ̀. "Tí ò bá rìn, ó ń lọ ní Mọ́ńdè nìyẹn."

Aránṣọ kì í ṣe mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n òun àti Ògòngò ni wọ́n jọ ń tún ọkọ̀ náà ṣe nígbà gbogbo, nínú ilé, lórí páálí. Ó mọ̀ pé dísìkì bíréèkì ni ìpẹtà máa ń kọ́kọ́ jẹ bí ọkọ̀ bá jókòó pẹ́, ìyẹn irin roboto tí pádì máa ń fún mọ́ra kí táyà tó dúró. Ó ti ra tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ti pinnu pé títí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn á fi ṣú, bíréèkì náà á mú. Àárẹ̀ tàbí ebi ò lè dá a dúró.

Ó fi jáàkì gbé e sókè, ó fi irin tì í nísàlẹ̀, ó tú táyà iwájú lápá òsì. Ó na ọwọ́ sí dísìkì náà láti yí i wò.

Ó jó o.

Ó fa ọwọ́ yọ, ó ki ìka bọ ẹnu. Ó rò pé oòrùn ni, ṣùgbọ́n oòrùn kì í dé abẹ́ páànù yẹn. Ó ṣe ohun tó máa ń ṣe sí áyọ́ọ̀nù nídìí iṣẹ́ rẹ̀: ó tutọ́ sí i. Itọ́ náà hó, ó sì gbẹ.

Ọkọ̀ tí ò kúrò lójú kan láti èṣí.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó dáadáa. Kò sí ìpẹtà kankan lára rẹ̀. Ó ń dán, ó sì ti jẹ tín-ín-rín bí etí àwo. Bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ tí Ògòngò jáde nílé gan-an ló fi tuntun sí i. Òun Aránṣọ ló di tọ́ọ̀ṣì mú fún un. Dísìkì kì í sì í jẹ bí ọkọ̀ ò bá sáré, kí awakọ̀ sì máa tẹ bíréèkì.

Ó wọlé lọ fi omi sí ìka rẹ̀. Màmá wà ní ilé ìdáná.

"Kí ló jó ẹ lọ́wọ́?"

"Áyọ́ọ̀nù ni, Màmá."

Màmá gbójú sókè wo áyọ́ọ̀nù lórí pákó, níbi tí wáyà rẹ̀ ti wé mọ́ ọn lára. Wọ́n ń bá ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà lọ.

Ọlọ́rùn líle ni Aránṣọ, ìyá rẹ̀ náà mọ̀. Ó padà síta. Ó dúró kí irin náà tutù, kò tutù. Ó wá fi àkísà di ọwọ́, ó tú irin tó fún un mọ́ra, ó fi àjákù aṣọ so ó rọ̀ kó má baà fa ọ́ọ̀sì rẹ̀ já, ó sì fi òòlù gbá dísìkì náà títí ó fi yọ. Bó ṣe kúrò lójú ibi tó wà báyìí, ó tutù. Kò lọ́ wọ́ọ́wọ́ kó tó tutù o. Ó tutù lójijì bí ìdí ìkòkò omi.

Ó fi tuntun sí i. Ó yí i ká. Bákan náà ló rí nídìí táyà kejì, àti ìkẹta, àti ìkẹrin. Nígbà tó fi ṣe tán, aṣọ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, dísìkì tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì tutù minimini lójú ibi tó fi wọ́n sí.

Ó ku ọ́ìlì bíréèkì. Ti inú rẹ̀ ti di ti àtijọ́, ó sì gbọ́dọ̀ fà á jáde kó tó da tuntun sí i, kí afẹ́fẹ́ má ṣe kù nínú rẹ̀. Iṣẹ́ èèyàn méjì nìyẹn. Ẹnì kan á jókòó sínú ọkọ̀, á máa tẹ bíréèkì. Ẹnì kejì á wà nílẹ̀ nídìí táyà, á máa tú nọ́ọ̀tì kékeré kan, á sì máa dè é padà. Òun àti Ògòngò ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹni tó wà nílẹ̀ á ní, "Tẹ̀ ẹ́." Ẹni tó wà lókè á tẹ̀ ẹ́, kò sì gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ rárá, àní bí ẹṣinṣin bà lé e nímú, títí ẹni ilẹ̀ á fi ní, "Gbé ẹsẹ̀." Bó bá kan Ògòngò láti jókòó, a kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kan bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun lè mọ̀ pé òun ò tíì sùn ni.

Lónìí, kò sí ẹni tó máa jókòó. Aránṣọ ti gbèrò láti fi igi gígùn kan ti bíréèkì náà mọ́lẹ̀, kó máa sáré lọ, kó máa sáré bọ̀. Ó ki ọ́ọ̀sì kékeré kan bọ nọ́ọ̀tì náà lẹ́nu, ó ki etí rẹ̀ kejì bọ inú ìgò kan, ó fi sípánà sí nọ́ọ̀tì. Ẹnu rẹ̀ ló gbàgbé pé òun nìkan ni.

"Tẹ̀ ẹ́," ó ní.

Nínú ọkọ̀, nǹkan kan dún fẹ́ẹ́rẹ́. Ó tún dún. Lẹ́yìn náà ni bíréèkì ké gan-an bí ó ti ń lọ sísàlẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ tú nọ́ọ̀tì náà fúnra rẹ̀, ọ́ìlì dúdú sì tú yàà sínú ìgò. Ó dè é padà. Ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó yọjú wo inú ọkọ̀.

Kò sí èèyàn. Bíréèkì wà nísàlẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Ìjókòó tí òun fúnra rẹ̀ fà síwájú láàárọ̀ kó lè rí ilẹ̀ gbá ti sún sẹ́yìn pátápátá, débi tí ẹlẹ́sẹ̀ gígùn máa ń sún un dé. Ó gba ọ̀nà ilẹ̀kùn kejì wọlé, ó ki ọwọ́ sábẹ́ bíréèkì náà láti gbé e sókè. Kò gbé. Òórùn òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sórí títì gbígbóná ń jáde láti ibẹ̀, nínú ọ̀dá.

"Gbé ẹsẹ̀," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Bíréèkì náà gòkè wá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí páálí. Ẹ̀rù bà á, inú rẹ̀ sì dùn, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Ó rò ó pé ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ohùn tí àwọn ń dá síra àwọn nídìí iṣẹ́ yìí. Ó rò nípa dísìkì tó jẹ tán. Ó nu ojú, ó mú sípánà. Iṣẹ́ ò tíì tán.

Wọ́n jọ ṣe é yíká ni. Aránṣọ á ní kó tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ tí kò rí á kan án lẹ́ẹ̀mejì, á tẹ̀ ẹ́. Aránṣọ á ní kó gbé ẹsẹ̀, á gbé e. Kò bá a sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, kí ìṣirò iṣẹ́ má baà dàrú. Ọ́ìlì mọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ìgò títí ó fi rí bí omi. Nídìí táyà ìkẹyìn, bíréèkì náà le, ó dúró gbọnin. Aránṣọ de nọ́ọ̀tì. Ó la ẹnu láti ní kó gbé ẹsẹ̀.

Ó pa ẹnu dé.

Ó rò ó wò. Níbi yòówù kí àbúrò òun wà, ó ti ń tẹ bíréèkì láti ọjọ́ òjò yẹn, kò sì dúró. Ní báyìí tí dísìkì ti tutù, ó jọ pé ó ti dúró. Ṣé orí ìdàgẹ̀rẹ́ yẹn náà ló ṣì wà? Bó bá gbé ẹsẹ̀, ṣé kò ní tún máa yí lọ?

Ó to táyà padà, ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ ṣì wà lórí bíréèkì.

Ìgbà yẹn ni Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìwọ lo tan iná yẹn?"

Iná ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ń tàn, pupa rokoṣo, lójúmọmọ.

"Bátìrì rẹ̀ wà lábẹ́ tábìlì yín nínú ilé ìdáná, Màmá."

Màmá bojú wẹ̀yìn. Wọ́n tún wo iná náà. Aránṣọ wá sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, láìfi nǹkan kan pamọ́, títí kan ìka tó jó. Ó rò pé wọ́n á ké, tàbí kí wọ́n ní orí òun ti dàrú. Wọ́n kàn dúró, wọ́n ń fi ìdí ìró nu ọwọ́ tó ti gbẹ.

"Láti ìgbà yẹn ló ti ń tẹ̀ ẹ́?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, Màmá."

"Ẹsẹ̀ á ti máa ro ó," Màmá ní.

Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìdí ògiri, wọ́n gbé òkúta ńlá kan, wọ́n fi ti táyà ẹ̀yìn. Wọ́n lọ gbé òmíràn. Màmá tí ò fọwọ́ kan ọkọ̀ náà láti ọjọ́ tó ti dé, àwọn ló fi òkúta ti táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Aránṣọ wọlé láti apá kejì, ó na ọwọ́ kọjá, ó fa hándì bíréèkì sókè tagbáratagbára. Irin náà lọ́ wọ́ọ́wọ́, bí ohun tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ di mú. Ó jáde, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

"Tí mo bá sọ ọ́, tó wá lọ ńkọ́?"

"Sọ fún un. Kò lè máa tẹ̀ ẹ́ títí ayé."

Aránṣọ kọjú sí ọkọ̀ náà.

"Gbé ẹsẹ̀."

Iná pupa kú. Bíréèkì ké bó ti ń gòkè. Ọkọ̀ náà ò yí. Nǹkan kan dún fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nínú rẹ̀, àdúgbò sì tún dákẹ́. Lẹ́yìn èyí, bẹ́líìtì tí gbogbo ayé tú tí kò tú dún ṣàkà, ó tú. Ó fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ kọjá lórí ìjókòó, bó ṣe máa ń fà tí èèyàn bá di ẹnu rẹ̀ mú kó má baà gbá gíláàsì. Orí rẹ̀ kan ara ilẹ̀kùn, ó sì dúró.

Wọ́n ń wo ilẹ̀kùn. Aránṣọ sún mọ́ ọn, ó na ọwọ́. Màmá di ọwọ́ náà mú.

"Má ṣí i. Kó ṣí i fúnra rẹ̀."

Wọ́n dúró títí oòrùn fi wọ̀. Aránṣọ wọlé lọ gbé àga wá, ìyá rẹ̀ sì jókòó sójú ilẹ̀kùn awakọ̀, wọ́n ká ọwọ́ lé itan.

Mọ́ńdè pé, ẹni tó ń wọ́ ọkọ̀ dé pẹ̀lú ṣéènì rẹ̀. Màmá ló dìde lórí àga lọ bá a lẹ́nu géètì. Wọ́n kí i dáadáa, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Wọ́n ní ọkọ̀ náà ò lọ mọ́, pé ẹnì kan wà nínú rẹ̀ tí ò tíì sọ̀kalẹ̀.