Aago Yàrá Kẹsàn-án

Iná pupa ṣẹ́jú lókè ilẹ̀kùn yàrá kẹsàn-án, aago dún gbooro, páálí ìwé sì já bọ́ lọ́wọ́ Amos Kittredge. Bí Verlene Thibaut ṣe kọ́kọ́ rí i nìyẹn: géńdé ọkùnrin lórí ìkúnlẹ̀, tó ń ṣa ìwé nílẹ̀ ilé ìtọ́jú ọgbà ẹ̀wọ̀n, ní Louisiana níbí.

"Ta ló ń pè yẹn?"

"Kò séèyàn níbẹ̀, mà. Ó ti di oṣù mẹ́jọ."

"Ìyẹn lẹ fi da ìwé sílẹ̀? Èmi rò pé ẹwà mi ni."

Amos rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò gbójú kúrò lára iná náà. Ọ̀gbẹ́ni Pell, lọ́yà ọgbà ẹ̀wọ̀n, wúkọ́. "Ọ̀rọ̀ páálí nìkan, ẹ jọ̀ọ́."

Yàrá kẹsàn-án ni ẹlẹ́wọ̀n kan, Roscoe Hadley, kú sí. Ìyá ẹ̀ ní ọmọ òun tẹ aago tí aláìsàn fi ń pe nọ́ọ̀sì títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹnikẹ́ni ò yọjú. Ìyá náà pe ọgbà ẹ̀wọ̀n lẹ́jọ́, Verlene sì ni lọ́yà ẹ̀. Amos ló ń tọ́jú ìwé ọgbà ẹ̀wọ̀n. Òfin wa ò sì gbà kí lọ́yà bá òṣìṣẹ́ alátakò sọ̀rọ̀ lẹ́yìn lọ́yà tiwọn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Verlene fi yẹ ìwé wò níbẹ̀, Pell jókòó sáàárín wọn bí ìyàwó ilé tó ń jowú.

"Páálí kẹrìnlá dà?"

"Ó ń bọ̀, mà. Ó ní kí n kí yín."

Ọkàn wọn ti fà mọ́ra. Ojú Pell náà rí i.

Ohun tí Verlene ń wá ni àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ máa ń ṣe nígbàkigbà tí aago bá dún. Pell ní ó ti parẹ́, ó sì gbé ìwé ìbúra fún Amos kó fọwọ́ sí i pé lóòótọ́ ló parẹ́. Irọ́ gbuu! Amos fúnra ẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ jáde. Tó bá fọwọ́ sí i, ẹjọ́ ìyá Roscoe ti kú. Tí kò bá fọwọ́ sí i, iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá lọ. Ó lọ wo ẹ̀rọ náà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ìlà tuntun ń jáde níṣojú ẹ̀: yàrá kẹsàn-án, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjì. Kò fọwọ́ sí ìwé ìbúra náà mọ́.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa tẹ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ sílẹ̀, èmi ni mo sì tẹ tiwọn lọ́jọ́ tí Verlene bi Amos léèrè lábẹ́ ìbúra, kí ẹjọ́ tó dé iwájú adájọ́. Ìyá Roscoe jókòó tì wá.

"Ọ̀gbẹ́ni Kittredge, ṣé àkọsílẹ̀ aago náà ṣì wà?"

"Mo takò ó!" ni Pell wí. Ìyẹn ò ní kéèyàn má dáhùn, níbi tiwa.

"Ó wà, mà. Ìgbà mẹ́tàlélógójì ni Roscoe tẹ aago kó tó kú."

"Kí ló dé tẹ́ ò fọwọ́ síwèé wọn?"

Amos wo ojú ẹ̀. "Ó ṣì ń tẹ̀ ẹ́, mà."

Ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ọjọ́ yẹn nìkan lọwọ́ mi dúró.

Wọ́n lé Amos lọ́jọ́ kejì. Oṣù mẹ́rin ni Verlene ò fi lè pè é, torí ẹlẹ́rìí ni Amos, ẹjọ́ ò sì tíì parí; ó kàn ń sunkún nínú ọkọ̀ ẹ̀. Ọjọ́ tí adájọ́ dá ìyá Roscoe láre, kò tiẹ̀ yà sílé, ọ̀dọ̀ Amos ló wakọ̀ lọ tààrà.

"A lè sọ̀rọ̀ báyìí," ló wí.

"Mi ò níṣẹ́ o, Verlene."

"Ṣé mo bi ẹ́ ní tiṣẹ́ ni? Olólùfẹ́ mi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Mo ti fẹ́ ẹ tipẹ́."

Amos ò níyàá láyé. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìyá Roscoe ló dì í lápá mú wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rò pé àánú ló ṣe é, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Àánú kẹ̀? Ta ni mo tún fẹ́ mú wọbẹ̀?"