Ẹni Tí A Kò Pè Lórí Afárá

Hàlímátù ẹlẹ́ja kò tíì sọ agbọ̀n kalẹ̀ tó fi ń sọ fún Keziah pé òun rí Daddy lánàá ní Ajégúnlẹ̀, pé wọ́n jókòó sórí pákó létí Odò Ògùn, wọ́n ń wo omi.

“Ara wọn ti yá, Mummy! Wàláì, wọ́n dá mi mọ̀. Wọ́n ní, ‘Hàlímátù, ṣé ọmọ ẹ ti ń gbìyànjú nínú ìṣirò?’ Wọ́n wá ní tí mo bá rí yín, kí n sọ pé àwọn ń dúró o, pé ẹ ò tíì pe àwọn.”

Keziah dúró gbagidi pẹ̀lú ṣíbí ẹ̀kọ lọ́wọ́. Elkanah ọkọ rẹ̀, ẹni tí Hàlímátù ní òun rí ní Ajégúnlẹ̀, ló jókòó sínú àga níwájú rẹ̀ ní Alápẹ̀rẹ̀ níbí, tó la ẹnu sílẹ̀ de ẹ̀kọ. Ó di ọjọ́ mẹ́fà tí wọ́n ti ti ìrìn àjò dé, kò sì tíì fẹsẹ̀ kan ìta. Kò tilẹ̀ lè dìde fúnra rẹ̀. Hàlímátù yọjú wo pálọ̀, ó rí i. Ó gbé agbọ̀n ẹja rẹ̀ padà sórí, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ojú ló ṣe ẹlẹ́ja fìrí, ó yẹ kó gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Tíṣà ni Elkanah. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò ní Kétu, kò sì sí ọmọ tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá tí Elkanah kò mọ orúkọ ọmọ náà àti orúkọ bàbá ọmọ náà. Ní ọdún 2004 ló kọ́kọ́ ṣìnà láti ṣọ́ọ̀ṣì wálé. Lẹ́yìn náà ó gbàgbé bí wọ́n ṣe ń de bọ́tìnnì. Ó gbàgbé pé bàbá òun ti kú. Bó bá béèrè rẹ̀ tí wọ́n sì sọ fún un, á bú sẹ́kún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Keziah fara da gbogbo rẹ̀. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń bọ́ ọ, ó ń fọ aṣọ tó bá yàgbẹ́ sí. Èyí tí kò lè fara dà ni pé orúkọ òun gan-an kúrò lẹ́nu ọkọ rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún kan tí Elkanah ti ń pè é ní “madam,” bí ẹni ń kí àlejò. Ogójì ọdún tí wọ́n ti jọ ń gbé! Ohun kan ṣoṣo ló kù tí Keziah ń bẹ Ọlọ́run fún, pé kí ọkọ òun pe òun ní Keziah lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó kú.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, Akínbíyì tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Elkanah ránṣẹ́ láti abúlé wọn lójú ọ̀nà Ayétòrò pé kí wọ́n gbé àbúrò òun wá, bóyá ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí á rán an létí ara rẹ̀. Keziah gbà. Bọ́ọ̀sì kò tíì rìn jìnnà tí Elkanah fi figbe ta. “Níbo lẹ ń gbé mi lọ? Ẹ gbà mí o!” Ó ń fa ilẹ̀kùn, awakọ̀ sì ń lérí pé òun máa já wọn sílẹ̀ sójú títì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gun afárá Kárà. Keziah rí Odò Ògùn nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan sì bọ́ sí i lẹ́nu láìrò ó tẹ́lẹ̀.

Nínú ìdílé Elkanah, bí ènìyàn bá kú sí ẹ̀yìn odi, wọn kì í gbé òkú rẹ̀ kọjá omi láìsọ fún un. Ẹnì kan á jókòó ti pósí. Bí wọ́n bá ti dé orí omi, á pe òkú lórúkọ, á ní a ti dé omi, máa bá wa bọ̀. Wọ́n ní ẹ̀mí tí wọn ò bá pè kì í mọ bí a ti ń sọdá. Pásítọ̀ kò fẹ́ràn àṣà náà, àmọ́ pásítọ̀ kọ́ ló ń gbé òkú lọ sílé. Keziah fúnra rẹ̀ ló jókòó ti òkú bàbá ọkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e kúrò ní Kétu, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ ohùn sílẹ̀ fún un.

“Elkanah,” ó pè é. Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Daddy ló máa ń pè é. “Elkanah, a ti dé omi. Máa bá wa bọ̀.”

Elkanah dákẹ́ wẹ́lo. Ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ilẹ̀kùn. Nígbà tó tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí omi kékeré kan lẹ́yìn Ṣàgámù, Keziah tún pè é. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta ní Láfẹ́nwá, níbi tí wọ́n ti tún pàdé Odò Ògùn. Ìyá arúgbó kan tó wà lẹ́yìn wọn nínú ọkọ̀ fi ìborùn bo ojú, kò sì ṣí i títí tó fi sọ̀. Keziah rí i, ó ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ẹni tó ti rẹ̀ kì í bi oògùn tó ń ṣiṣẹ́ pé ta ni wọ́n sè ọ́ fún.

Abúlé kò rán Elkanah létí ohunkóhun. Ibà ló dá a dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni ìyàwó rẹ̀ sì fi jókòó tì í, tí oorun kò kan ojú rẹ̀. Bí ibà ti lọ, ó ní àwọn ń padà sí Èkó. Ó pe ọkọ rẹ̀ ní Láfẹ́nwá. Ó pè é lórí omi kékeré. Lẹ́yìn ìyẹn ni oorun gbé e lọ, kò mọ ìgbà tí wọ́n kọjá afárá Kárà, ó sì di Kétu kí awakọ̀ tó jí i.

Láti ọjọ́ náà ni Elkanah kò ti pariwo mọ́. Kò sunkún, kò béèrè bàbá rẹ̀, kò tilẹ̀ pe ẹnikẹ́ni ní madam. Bí wọ́n bá gbé e jókòó, á jókòó. Keziah ti dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ìdákẹ́jẹ́ yìí.

Nígbà tí Hàlímátù lọ tán, Keziah súnmọ́ ọkọ rẹ̀, ó fọwọ́ lé e láyà. Àyà ń lù. Ojú là sílẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó ń gbabẹ̀ wo ìta. Keziah mú fóònù, ó pe Akínbíyì.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Tí wọ́n bá pe ènìyàn lórí omi, tí wọn ò wá pè é délé ńkọ́?”

“Òkú là ń pè lórí omi, ìyàwó.”

“Mo mọ̀, sà.”

“Ta lo pè?”

Ẹkún ni Keziah fi dáhùn. Nígbà tí Akínbíyì máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

“Níbo lo já a sí?”

“Kárà.”

“Ẹ̀mí ẹ̀ á wà níbi tí omi yẹn bá gbé e dé. Lọ pè é, á tẹ̀ lé ẹ wálé. Àmọ́ gbọ́ mi o: inú ilẹ̀ ni ìpè yẹn ń parí sí. Tó bá ti wọlé bá ara ẹ̀, ìsìnkú ló kù. Tó ò bá sì pè é, ara á wà lọ́dọ̀ ẹ bẹ́ẹ̀, òun á wà lọ́hùn-ún.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Keziah ní kí Loveth, ayálégbé wọn, bá òun jókòó ti Daddy. Ó lọ sí Ajégúnlẹ̀. Odò ti kún wọ ilé lásìkò yẹn, orí pákó làwọn ènìyàn ń gbà láti ojúlé dé ojúlé. Hàlímátù nawọ́ hàn án láti òkèèrè. “Ẹ má bínú, Mummy,” ó ní, “mi ò lè débẹ̀.”

Elkanah jókòó ní ìparí pákó kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi, àmọ́ omi tó ń ṣàn kò yà fún un.

“Keziah,” ó ní, kò tíì bojú wẹ̀yìn. “Mo mọ ìró ẹsẹ̀ ẹ. O kàn máa ń wọ́ bàtà nílẹ̀ ṣá.”

Keziah kúnlẹ̀ sórí pákó, ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín. Elkanah béèrè Olújìmí ọmọ wọn ní Gbàgádà. Ó rántí òjò tó pa wọ́n lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ó fi ìrẹsì àkọ́kọ́ tó jó mọ́ ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Ìgbà tó ṣe, ó ní, “Òtútù ń mú mi. Kí ló dé tó ò tíì pè mí?”

Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu Keziah, ó gbé e mì. Ṣé kó pè é, kó sì sin ín? Ọkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà rí?

“Ọ̀la,” ó ní. “Mo máa pè yín lọ́la.”

Nígbà tó di ọ̀la, ó tún sọ pé ọ̀la. Bó ṣe ń fi òní dónìí, fi ọ̀la dọ́la nìyẹn. Ó ń wẹ ọ̀kan nílé, ó ń bá èkejì tàkúrọ̀sọ létí odò, ojú sì ń tì í pé inú òun ń dùn. Ó rí i pé ojoojúmọ́ ni Elkanah ń fi ilé kan sún mọ́ ọ̀sà, ó fojú fò ó. Lọ́jọ́ karùn-ún, Elkanah béèrè Olújìmí lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ keje, ó ní, “Ṣé bàbá mi ti tibi iṣẹ́ dé?”

Keziah mọ ohùn yẹn. Ọdún mẹ́ta ló fi gbọ́ ọ. Àìsàn náà ti rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ èyí náà.

Ní ọjọ́ kẹjọ, ó tẹ́ aṣọ funfun sórí bẹ́ẹ̀dì nílé, ó ní kí Loveth ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré dé Ajégúnlẹ̀. Ibi tí ilé parí sí ló ti bá Elkanah, lórí pákó tó kẹ́yìn. Elkanah yíjú sí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ẹ káàsán o, madam.”

“Elkanah,” Keziah rẹ ohùn sílẹ̀ bó ti yẹ. “Elkanah, a ti dé omi. Máa bá wa bọ̀.”

Elkanah wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá ẹni tí wọ́n ń pè. Keziah tún pè é. Ó pè é títí ohùn rẹ̀ fi há, títí àwọn ará àdúgbò fi ń ti fèrèsé.

“Ẹ má sunkún mọ́,” Elkanah ní, jẹ́jẹ́, bí tíṣà tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. “Èmi náà ń dúró de ẹnì kan ni. Ìyàwó mi ni. Ó ní ọ̀la lòun ń bọ̀.”

“Kí lorúkọ ẹ̀?” Keziah béèrè.

Elkanah la ẹnu. Ó là á sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ń wo omi, orúkọ kankan kò jáde. Lẹ́yìn náà ó sún síwájú kí àyè lè gba àlejò rẹ̀, ó sì jókòó síbi tí pákó kò dé.

“Ẹ jókòó, madam,” ó ní. “Ẹ jẹ́ ká jọ máa dúró dè é.”